Bí Ológìnní Ṣe Kú Tán ní San Joaquín, àti Bó Ṣe Kan Ọ̀wọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti fi nǹkan sétí níbi iṣẹ́ bí ẹni pé ọ̀gá lẹ ń dá lóhùn, mo kí yín. Ohun tí mo sọ lórí ètò wa lọ́sẹ̀ yìí ni mo kọ síbí fún àwọn tó fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ. Mo ti gé gbogbo ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò.

Ọ̀rọ̀ eku ni mo bá wá. Ìtàn náà jìn díẹ̀ sí ilé, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀, a máa padà wá sílé.

Ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Bolivia, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ San Joaquín. Agbègbè Beni ló wà. Ọ̀dàn ni gbogbo ibẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí òjò bá rọ̀, omi á bo ibi tó pọ̀ jù, àwọn ibi tó fi díẹ̀ ga nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù. Màlúù ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ló ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọlọ́sìn ńláńlá, wọ́n ń gbowó, wọ́n ń jẹ ẹran màlúù. Oko dídá kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń yangàn.

Lọ́dún 1952, àwọn ará Bolivia dìde, wọ́n lé àwọn tó ń ṣèjọba kúrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó kó o jọ. Ohun tó dára ni fún ẹni tí kò ní ilẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní Beni, àwọn ọlọ́sìn ńlá palẹ̀ mọ́, iṣẹ́ dáwọ́ dúró, ẹran di ọ̀wọ́n. Kí lèèyàn ó ṣe? Wọ́n dáko. Wọ́n gbin àgbàdo, ìrẹsì, ẹ̀wà àti pákí fúnra wọn, orí àwọn ibi tó fi díẹ̀ ga yẹn náà ni wọ́n sì ṣán, torí ibẹ̀ nìkan ni omi kì í bò. Àmọ́ wọ́n bá onílé níbẹ̀. Eku kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní Calomys ti ń gbé níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí wọ́n kórè, tí wọ́n kó ire oko wọlé, eku tẹ̀ lé àgbàdo wọlé.

Láàárín àkókò kan náà, wọ́n ń fín DDT sára ògiri ilé nítorí ẹ̀fọn tó ń fa ibà. Oògùn náà ṣiṣẹ́ fún ẹ̀fọn. Àmọ́ ológìnní a máa fara ra ògiri, a sì máa fi ahọ́n lá irun ara rẹ̀. Àwọn ológìnní ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń kú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi máa dé, ológìnní ti di ohun àwárí ní San Joaquín. Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà wa wí: bí ológìnní bá re àjò, ilé á di ilé èkúté. Níbẹ̀ yẹn, òwe kọ́, ìròyìn ni.

Àìsàn náà ti ń pa èèyàn ní àwọn abúlé agbègbè náà láti 1959. Nígbà tó di 1962, ó wọ ìlú. Ibà líle ló kọ́kọ́ ń mú wọn, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀ á máa jáde ní èrìgì àti imú, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ahọ́n á wúwo. Àwọn ará ibẹ̀ pè é ní el tifo negro. Ká kúkú pè é ní ibà dúdú. Láàárín 1962 sí 1964, ó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní ìlú tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ. Kò sí agboolé tí kò kan.

Lọ́dún 1963, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wá láti Panama. Karl Johnson àti Ronald MacKenzie wà lára wọn. (Johnson yìí náà ló ṣíwájú ikọ̀ tó lọ wádìí Ebola ní Yambuku lọ́dún 1976. Àwọn èèyàn kan wà tí orí wọn máa ń gbé wọn lọ síbi tí gbogbo ayé ń sá fún.) Àwọn méjèèjì kó àrùn náà, wọ́n gbé wọn padà sí Panama, orí kó wọn yọ. Wọ́n padà lọ bá iṣẹ́ wọn. Wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì náà, wọ́n fi orúkọ odò kan ládùúgbò náà pè é: Machupo. Wọ́n kọ́kọ́ fura sí àwọn kòkòrò tó ń jẹni. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni wọ́n tó rí i pé eku inú ilé ni, pé inú ìtọ̀ rẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ti ń jáde sórí oúnjẹ, sínú eruku, sórí ilẹ̀ tí ọmọdé ń jókòó sí.

Lọ́dún 1964, wọ́n kó pakúté wọ ìlú. Alaalẹ́ ni wọ́n ń dẹ ẹ́ láti ilé dé ilé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún eku ni wọ́n sì kó. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí àrùn náà fi dáwọ́ dúró. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn. Pakúté ni.

Ohun tó mú mi gbé ìtàn yìí wá síwájú yín ni pé kò sí ọ̀daràn nínú rẹ̀. Ẹni tó gba ilẹ̀ fún aláìní kò ṣẹ̀. Ẹni tó dáko kí ọmọ rẹ̀ lè jẹun kò ṣẹ̀. Ẹni tó fín oògùn ẹ̀fọn, ibà ló ń bá jà. Fáírọ́ọ̀sì pàápàá kò yí padà, inú eku rẹ̀ ló wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ohun tó yí padà ni ètò tó wà láàárín oko, ilé, eku, àti ohun tó ń pa eku jẹ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbẹ́ ògiri San Joaquín, kò sì sí èyí tó mọ̀ pé èkejì ń gbẹ́ níhà tirẹ̀.

Machupo kò dá wà. Ó ní mọ̀lẹ́bí. Ẹbí fáírọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní arenavirus, inú eku ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Ẹ̀gbọ́n Machupo, bí a bá fi ọdún tí aráyé mọ̀ ọ́n ṣe òṣùwọ̀n, wà ní Argentina.

Ní Argentina, ọ̀dàn ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Pampas. Oríṣìíríṣìí koríko ìbílẹ̀ ló kún ibẹ̀ nígbà kan, pẹ̀lú oríṣìíríṣìí ẹranko tó ń gbé inú wọn. Wọ́n ro ó, wọ́n fi katakata tú u, ó di oko àlìkámà àti àgbàdo lọ súà, tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, àìsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn òṣìṣẹ́ oko lásìkò ìkórè àgbàdo, láti oṣù kẹta lọ sí oṣù kẹfà. Ọkùnrin ló ń mú jù, torí àwọn ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn ará oko fún un lórúkọ tó wù mí gan-an: mal de los rastrojos. Bí n bá fi Yorùbá wa gbé e, àrùn pòròpórò ni. Àwọn dókítà kò tíì mọ ohun tó ń fà á nígbà yẹn, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ti mọ ibi tó ti ń wá.

Lọ́dún 1958, Armando Parodi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí fáírọ́ọ̀sì náà, wọ́n fi orúkọ ìlú Junín pè é. Eku Calomys mìíràn ló ń gbé e, èyí tó fẹ́ràn oko àgbàdo àti koríko etí oko ju ọ̀dàn àtijọ́ lọ. Bí oko ṣe ń fẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbègbè tí àrùn náà ń mú ń fẹ̀ sí i. Bí ẹ̀rọ ìkórè bá sì ń kọjá lórí pòròpórò, a máa gé eku mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ á bá eruku dìde, ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ á fà á símú.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń sọ nípa oríṣìíríṣìí ẹ̀dá alààyè. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé inú igbó kìjikìji ni àrùn wà, pé bí a bá ti gé igbó kúrò, a ti lé àrùn lọ. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí kan, tí Kate Jones ti University College London wà lára wọn, kó ìwádìí tí wọ́n ti ṣe ní 6,801 agbo ẹ̀dá alààyè káàkiri ayé jọ, wọ́n sì wo irú ẹranko 376 tó ń gbé kòkòrò tó lè mú ènìyàn. Níbi tí ènìyàn ti sọ igbó di oko tàbí ìlú, àwọn ẹranko tó ń gbé àrùn tiwa kò dín kù, ńṣe ni wọ́n pọ̀ sí i. Ti eku, àdán àti ẹyẹ kéékèèké ló hàn jù. Àwọn ẹranko ńlá, àwọn tó ń jẹun ṣàṣà, àwọn tí kì í bímọ púpọ̀, àwọn ló ń kọ́kọ́ lọ. Àwọn tó ṣẹ́ kù ni àwọn tó lè jẹ ohunkóhun, gbé ibikíbi, tó sì ń bímọ bí ẹdá. Ẹ ò rí i pé orúkọ yẹn pàápàá, eku ni wọ́n ń fi ń jẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé.

Ní oṣù kìíní 1969, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ Laura Wine ṣàìsàn ní ìlú Lassa, ní Borno. Wọ́n fi bàálù gbé e lọ sí Jos, ó kú. Charlotte Shaw tó tọ́jú rẹ̀ ṣàìsàn, òun náà kú. Lily Pinneo tó tọ́jú Shaw ṣàìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí New York, ó sì yè é. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù Yale, níbi tí Jordi Casals ti rí fáírọ́ọ̀sì tuntun náà. Ó mú Casals gan-an. Omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára Pinneo ni wọ́n fà sí i lára, ó sì gbádùn. Kò pẹ́ tí òṣìṣẹ́ láàbù mìíràn ní Yale, Juan Roman, tí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún lẹ́nu iṣẹ́, fi kú. Yale bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí rẹ̀. Ní 1970, Dókítà Jeanette Troup tó ti tọ́jú àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn ní Jos kó o, ó sì kú.

Ọ̀nà yìí ni wọ́n máa ń gbà sọ ìtàn Lassa: ìtàn àwọn akọni, bàálù, àti láàbù. Mi ò bá wọn jà, àwọn obìnrin wọ̀nyẹn gbìyànjú ju bí ẹnu ti lè sọ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló kó ran Laura Wine? Ìlú àwọn àgbẹ̀ ni Lassa. Àwọn ará ibẹ̀ tó ti kú kí òyìnbó tó kú, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ọdún 1972 ni àwọn olùwádìí tó lọ sí Sàró rí i dájú pé eku ló ń gbé e: Mastomys natalensis, eku ọlọ́mú púpọ̀. Abo rẹ̀ lè ní ọmú tó tó 24, nítorí náà ẹ mọ bó ṣe ń bímọ. Ẹ sì fojú sílẹ̀ síbí: ní ibi tí wọ́n ti dẹ pakúté fún un ní Guinea, inú ilé àti inú oko àyíká abúlé ni wọ́n ti ń rí i. Igbó ńlá kì í ṣe ibùgbé rẹ̀. Ìbátan Calomys nínú ìwà ni, ẹni tó ń tẹ̀ lé oko wọlé.

Fáírọ́ọ̀sì Lassa kì í ṣe àlejò nílẹ̀ wa o. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí kan, tí Christian Happi ti Redeemer's University ní Ẹdẹ wà láàárín wọn, ka àkọsílẹ̀ inú fáírọ́ọ̀sì náà bí ẹni ka ìtàn ìdílé, wọ́n sì sọ pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tó ti wà ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ̀rún ọdún! Kí àgbàdo àti pákí tó ti Amẹ́ríkà dé ọ̀dọ̀ wa rárá.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé Òndó àti Ẹdó ni wọ́n máa ń dárúkọ ṣáájú lọ́dọọdún? Lára ìdáhùn ni pé àwọn ilé ìwòsàn tó mọ àrùn náà dáadáa wà níbẹ̀, ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ àti ti Irrua. Ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan ni wọ́n ti ń rí i. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò nìkan kọ́. Ẹ wo ilẹ̀ Òndó. Igbó ẹgàn ló pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà kan. Kòkó dé, pákó dé, ìlú ń fẹ̀. Inú igbó ọba pàápàá, bí igbó Olúwa, àgbẹ̀ kòkó ti wọ ibẹ̀. Kí kòkó tó gòkè, àgbàdo, pákí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń gbìn sáàárín rẹ̀, ahéré á dìde sí ẹ̀gbẹ́ oko, ahéré á di abúlé. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á sun ìgbẹ́, láti fi palẹ̀ oko mọ́ tàbí láti fi dọdẹ. Oúnjẹ oko ti tán, iná ń jó lẹ́yìn, eku á gba inú ilé lọ, níbi tí àgbàdo wà lórí àjà, tí gàrí wà nínú àpò. Ìdí nìyẹn tí Lassa fi máa ń gbóná jù láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin. Ní 2018, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní in ní Nàìjíríà jẹ́ 633. Ní 2020, wọ́n lé ní 1,000, lọ́dún tí gbogbo wa gbójú lé kòrónà.

Ológìnní tiwa ńkọ́? Mi ò rò pé ológìnní gan-an ni ìṣòro wa. Òwìwí ni mò ń rò, àti ejò. Agbo òwìwí kan lè jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún eku lọ́dún. Ẹyẹ àjẹ́ la pè é, bó bá ké lẹ́yìn ilé, wọ́n á wá òkò. Ejò ní tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń bi í léèrè ohun tó wá jẹ kí wọ́n tó yọ àdá sí i. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa bá paramọ́lẹ̀ gbé yàrá o. Èmi gan-an máa sá. Mo kàn ń sọ pé a ń fọwọ́ ara wa ṣe iṣẹ́ tí DDT ṣe ní San Joaquín, díẹ̀díẹ̀.

Ẹnìkan máa sọ pé, ó dáa, ká dẹ pakúté bíi tiwọn, kó parí. Wọ́n ti dán an wò. Ní Guinea, fún ọdún mẹ́rin, àwọn olùwádìí fi májèlé pa eku inú ilé ní àwọn abúlé kan. Eku dín kù lóòótọ́, àmọ́ kò pẹ́ tí wọ́n tún fi ń pọ̀ padà. Oko tó yí abúlé ká kún fún wọn. Bí o bá gbá inú yàrá tí o kò ti ilẹ̀kùn, kí lo ṣe?

Èyí ló mú kí ìkéde orí rédíò máa bí mi nínú díẹ̀. "Ẹ bo gàrí yín, ẹ má sá a sẹ́bàá títì, ẹ má jẹ eku." Ìmọ̀ràn tó dáa ni, kí gbogbo wa tẹ̀ lé e. Àmọ́ ẹ gbọ́ ẹni tí wọ́n ń bá wí: ìyá tó ń yan gàrí, ọmọ tó ń dẹ eku. Kò sí ìkéde tó ń bi ẹni tó ta igbó ọba léèrè. Kò sì sí èyí tó ń béèrè ẹni tó máa kọ́ àká tí eku ò lè wọ̀ fún ìyá yẹn, kó má bàa kó oúnjẹ sùn tì í lórí ibùsùn. Àwọn ará ìlú ńlá bíi tiwa ló ń jẹ gàrí náà; àwọn ló ń bá eku rẹ̀ gbé.

Argentina ṣe ohun kan tó yàtọ̀. Dókítà Julio Maiztegui fi gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ jìn fún àrùn pòròpórò ní Pergamino, láàárín àwọn oko náà gan-an. Lọ́dún 1979, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti gbádùn, bí wọ́n bá tètè fún aláìsàn, máa ń dín ikú kù láti nǹkan bí 16 nínú 100 sí nǹkan bí ẹyọ kan. Láàárín 1988 sí 1990, wọ́n dán abẹ́rẹ́ àjẹsára kan, Candid #1, wò lára òṣìṣẹ́ oko 6,500. Ó ṣiṣẹ́ gan-an. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko níbẹ̀, iye àwọn tó ń ṣàìsàn lọ́dọọdún sì já wálẹ̀ gidigidi. Wọ́n kò pa oko tì. Wọn ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ àgbàdo mọ́. Àgbẹ̀ ló wà nínú ewu, àgbẹ̀ ni wọ́n wá abẹ́rẹ́ fún.

Lassa tí wọ́n ṣàwárí ní 1969, tó ṣe àbúrò Junín pẹ̀lú ọdún mọ́kànlá péré, títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fọwọ́ sí fún un. Ní 2024, ìdánwò ọ̀kan tó ń ṣe dáadáa dé Àbújá, lára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún dé, àwọn tó ń dáko lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ́n á ti máa wo afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó ṣáná sí ìgbẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì Ọ̀wọ̀ náà á sì ti máa ka ìbọ̀wọ́ tó wà nílẹ̀.